Àlọ́ kan fún ọmọ tí kò rí bákan náà: ìdáhùn sí ìbéèrè olùkọ́ kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn 38 ló sì wà ní kíláàsì mi. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń pa àlọ́. Ọmọ kan wà tí kò lè jókòó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn mẹ́ta kò gbọ́ Yorùbá nílé, òyìnbó ni bàbá àti ìyá ń bá wọn sọ. Ọ̀kan ń kólòlò. Mo fura pé etí ọ̀kan wúwo. Ọ̀kan kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohun tí èèyàn bá sọ tán ló máa ń tún sọ. Àwọn méjì tún wà tó jẹ́ pé kí n tó dé ìdajì àlọ́ ni wọ́n ti sọ ìparí rẹ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní kí a pín àwọn ọmọ sí mẹ́ta: àwọn tó ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń fi etí, àwọn tó ń fi ọwọ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa sì ti ní ọmọ tó ń kólòlò kò gbọdọ̀ jáde síta lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wo àwọn ọmọ. Ṣé ẹ̀kọ́ márùn-ún ni kí n máa kọ sílẹ̀ fún àlọ́ kan ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Tí ẹ bá ń kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún fún àlọ́ kan, ẹ ò ní sùn. Àlọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí gbogbo wọn jọ gbọ́ ọ. Ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà wọ inú àlọ́ náà, àti bó ṣe máa fi hàn yín pé òun ti gbọ́, ni kí ẹ máa yí padà. Àlọ́ fúnra rẹ̀ ti gba irú èyí tẹ́lẹ̀. Nílé tí ìyá àgbà ti ń pa á, ọmọ ọdún mẹ́ta ń pàtẹ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gbè é, ẹni tó ti dàgbà ń bá wọn lé orin, ẹni tó ti sùn lọ sì sùn lọ. Ìyá àgbà kò pín wọn sí kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ ojú, etí àti ọwọ́ yẹn kúrò nílẹ̀. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ wò. Wọn kò rí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé pé ọmọ máa ń mọ̀wé sí i tí a bá yà á sọ́tọ̀ ní «ọmọ ojú» tàbí «ọmọ etí», tí a sì ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò sọ pé àwọn ọmọ kò yàtọ̀ síra o. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni ẹ ti fojú ara yín rí: etí tó wúwo, èdè tí wọn kì í sọ nílé, ọ̀rọ̀ tó ń há sí ọmọ lẹ́nu, ara tí kò gba ìjókòó. Lẹ́tà yín wúlò fún mi ju ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ.

Àlọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Ìjàpá àti babaláwo. Ẹ mọ̀ ọ́n. Yánníbo kò rọ́mọ bí, Ìjàpá ọkọ rẹ̀ lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ, ó ní kó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Gbòǹgbò gbé Ìjàpá ṣubú lọ́nà, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, ó lá a, ó dùn, ó bá jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀.

Nítorí orin yẹn ni mo ṣe yàn án. Ohun tí àwọn tó ń gbè é máa sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: alugbinrin. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá máa ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó ń lé orin ń sọ. Ó ń bẹ babaláwo, ó ń rán an létí oògùn tó ṣe àti ìkìlọ̀ tó ṣe, ó ní gbòǹgbò ló yọ òun, ó ní òun fọwọ́ kan ọbẹ̀, òun fi kan ẹnu, òun wo ikùn, ó rí gbẹndu. Gbogbo àlọ́ náà ló tún pa látòkè délẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà ní àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń náwó sórí káàdì aláwòrán kí ọmọ lè mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yẹn ni orin yìí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà tó sì jẹ mọ́ ara nínú rẹ̀ pọ̀: ọwọ́, ẹnu, ẹsẹ̀, ikùn. Ọmọ tí kò sọ nǹkan kan lè máa fọwọ́ kan ibi tí orin bá dé lára rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó ń bá yín lọ tàbí kò bá yín lọ.

Ọjọ́ Ẹtì nìkan kò tó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, àlọ́ kan náà, sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn àgbà ló máa ń sú. Ọmọdé tó fẹ́ràn àlọ́ máa ní kí ẹ tún un pa ni. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ Ajé máa ti ń gbè é ní Ọjọ́rú. (Tí ìyá àgbà ọmọ kan bá wá bá yín pé a kì í pàlọ́ ọ̀sán, ẹ sọ fún un pé ilé ìwé kì í ṣí lálẹ́.)

Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ tó pàlọ́ rárá, ẹ gbé nǹkan wá: ìkòkò, ọmọrógùn, igbá, gbòǹgbò igi kan tí ẹ wú lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ ṣí i. Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ pé ọmọrógùn ni, ẹni tí kò bá sì lè sọ ọ́ lè wá fọwọ́ kan ọmọrógùn nílẹ̀. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dÓyọ̀ọ́: ahọ́n ni. Ìdáhùn yìí kò nílò ọ̀rọ̀ kankan, kí ọmọ kàn yọ ahọ́n síta ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó yọ ahọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, ẹ yin àwọn méjèèjì bákan náà, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Látorí nǹkan kékeré yìí ni gbogbo kíláàsì ti máa mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi ń dáhùn ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò lè jókòó, ẹ má jẹ́ kó jókòó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn lọ sílé babaláwo nínú àlọ́ yìí, kó gbé ìkòkò, kó ṣubú, kó tún sáré padà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún un ní agolo mílíìkì tó ti ṣófo àti igi, kó máa lù ú tí orin bá bẹ̀rẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró tí orin bá dáwọ́ dúró. Dídáwọ́ dúró yẹn ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì le fún un ju lílù lọ. Ẹ má sọ ipa yìí di ẹ̀bùn tó máa gbà tó bá ṣe dáadáa tàbí tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ṣe ìjàngbọ̀n, torí ọjọ́ tó bá ṣe ìjàngbọ̀n gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ máà sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá láìsí orin tàbí àtẹ́wọ́. Ìyẹn wà fún gbogbo wọn, torí kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tí a dá fún ìjókòó.

Àwọn mẹ́ta tí kò gbọ́ Yorùbá nílé: ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, ìkòkò, ọbẹ̀, gbòǹgbò, lá, ikùn. Ẹ fi nǹkan náà hàn wọ́n, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ẹ fún wọn mú lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá ń pàlọ́, ẹ má tú u sí òyìnbó ní gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òyìnbó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní fetí sí Yorùbá, òyìnbó ló máa dúró dè. Ojú yín, ọwọ́ yín àti ìkòkò tó wà nílẹ̀ ni kó máa túmọ̀ fún un. Àmọ́ tí òun bá dáhùn ní òyìnbó, ẹ gbà á. Tó bá fi òyìnbó sọ pé ikùn Ìjàpá ti tóbi, ẹ dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀: «Bẹ́ẹ̀ ni, ikùn rẹ̀ ti wú!» Ẹ má ní kó tún un sọ. Ó ti gbọ́, ó máa sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́.

Àwọn òbí wọn lè ráhùn pé Yorùbá máa ba òyìnbó ọmọ wọn jẹ́. Ẹ sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòsí yín fún wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n yí ẹ̀kọ́ wọn sí òyìnbó lẹ́yìn ọdún kẹta, kódà nínú òyìnbó fúnra rẹ̀.

Ọmọ tó ń kólòlò ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni mo rí i pé ó wà lọ́kàn yín jù. Àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé akólòlò kì í sábà kólòlò nínú orin. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tún mọ̀ pé tí ó bá ń sọ ohun kan náà pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ máa ń já gaara. Àlọ́ àpagbè ní àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá ké «Ààlọ́ o!», tí kíláàsì jọ dáhùn «Ààlọ̀!», ó wà láàárín wọn, kò sí ẹni tó ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbè é, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kó máa gbè é. Tí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun àti ọmọ kan jọ lé orin náà, àwọn méjì pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ dá lé e.

Àmọ́ ẹ má fi orin sé e mọ́. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lásán náà. Tó bá fẹ́ sọ ohun tí Ìjàpá ṣe, ẹ wò ó lójú bí ẹ ṣe ń wo àwọn tó kù, kí ẹ dákẹ́ títí tó fi sọ ọ́ tán. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé «fara balẹ̀» tàbí «mí kanlẹ̀», ẹ má sì yìn ín nítorí pé kò kólòlò. Ohun tó sọ ni kí ẹ dá lóhùn. Tí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín, ẹ dá a dúró níbẹ̀ láìfi ariwo ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò láàárín ọdún méjì sí márùn-ún ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti lé lọ́dún kan tí kò dínkù, tàbí tí ọmọ náà bá ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, tó ń di ojú kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹ ní kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá níbi tí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wà. Kí ẹnikẹ́ni má gbá a lẹ́nu o, kí wọ́n má sì kó o láyà jẹ kí ó lè «la ohùn».

Ẹni tí ẹ fura sí etí rẹ̀, ẹ má dúró de sáà tuntun. Ní ọjọ́ orí yìí, etí tó ń ṣọyún tàbí omi tó rogún sẹ́yìn ìlù etí wọ́pọ̀, ó sì lè jẹ́ kí ọmọ gbọ́ lónìí kó má gbọ́ lọ́la, kí àwọn èèyàn máa pè é ní olóríkunkun. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn. Ní kíláàsì, ẹ gbé e sí iwájú, kí ẹ sì dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ́ sí ojú yín. Tí fèrèsé bá wà lẹ́yìn yín, òkùnkùn ni ojú yín máa jẹ́ fún un. Ẹ má fi ìkòkò bo ẹnu, ẹ má kọrin sí ara pátákó ìkọ̀wé. Ohun kan tún wà tí ìwé àwọn òyìnbó kò ní sọ fún yín: ẹnu nìkan kò fi ohùn hàn. Igbá, igba, ìgbà, ètè kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú ẹni tó ń wo ẹnu. Ìdí nìyí tí igbá fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá pe igbá.

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń tún ọ̀rọ̀ ẹni sọ, ẹ má rò pé títún ọ̀rọ̀ sọ yẹn kò já mọ́ nǹkan. Ohun kan náà ni gbígbè. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yín, àlọ́ nìkan ni títún ọ̀rọ̀ sọ ti jẹ́ ohun tí gbogbo kíláàsì ń ṣe. Ohun tó máa ń dà á láàmù ni ohun tí kò retí. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà lójoojúmọ́, ibi ìjókòó kan náà, àwòrán mẹ́ta lára ògiri tí ẹ fi ẹ̀ẹ́dú yà: ìkòkò, gbòǹgbò, ikùn. Ẹ tọ́ka sí èyí tí ẹ wà. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé àtẹ́wọ́ máa pọ̀ níbí, kó lè bo etí tó bá fẹ́. Ẹ má fi dandan mú un wo ojú yín. Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò nìkan ló fẹ́ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ jẹ́ kó dì í mú. Mo fẹ́ kí ẹ tún ní kí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé, kí wọ́n sì yẹ etí tirẹ̀ náà wò. Ẹ̀yin kì í ṣe dókítà, ẹ má sọ àìsàn kan mọ́ ọn.

Àwọn méjì tó ti mọ ìparí kò nílò àlọ́ mìíràn. Ẹ ní kí ọ̀kan sọ ọ́ láti ẹnu Yánníbo tó ń dúró nílé. Kí ló rí nígbà tí Ìjàpá wọlé? Kí ló gbọ́? Ẹni tó ń sọ àlọ́ láti ẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú jinlẹ̀, ẹ ó rí i pé wọn kò ní yára mọ́. Ohun mìíràn tó dára fún wọn, tó sì dára fún gbogbo wọn nígbà tó bá yá, ni èyí tí Vivian Paley ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ní Chicago: ọmọ á sọ ìtàn tirẹ̀, olùkọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà kíláàsì á jọ ṣe é bí eré. Tí ẹ bá gba ti ọmọ méjì lójúmọ́, kí oṣù kan tó pé ẹ ti yí gbogbo 38 ká. Ẹ má tún ìtàn náà ṣe fún un. Tó bá ní «Ìjàpá lọ, ajá lọ, mọ́tò lọ, ó tán», ìtàn ni. Bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ó tó di pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ń fa òmíràn.

Ẹ ò bi mí ní èyí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe é: tí àlọ́ bá ti parí, «Ẹ̀kọ́ wo ni àlọ́ yìí kọ́ wa?» Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè yẹn kò gba ju ìdáhùn kan lọ, «Kí a má ṣe ojúkòkòrò», ọmọ márùn-ún kan náà ló sì máa ń dáhùn rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó gba ọ̀pọ̀ ìdáhùn: ta ni àánú rẹ̀ ṣe yín? Kí ni babaláwo ì bá ti ṣe kí ó tó gbé ọbẹ̀ lé Ìjàpá lọ́wọ́? Ọmọ tó ń tọ́ka sí àwòrán lè dáhùn ìkìíní. Àwọn méjì yẹn lè fi ìkejì jà títí ago á fi lù.

Ní ti ìparí, àwọn kan máa ń pa á pé Ìjàpá kú, àwọn kan á ní babaláwo wò ó sàn. Ẹ wo àwọn ọmọ yín. Tí ẹnì kan bá ti ń sunkún nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ wò ó sàn. Àlọ́ ni, kì í ṣe òfin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ má bá a jà. Ẹ pè é wá sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ kan, kó wá gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń lé orin. Tí kò bá yí ọkàn padà, ẹ lè rán an létí pé òfin orílẹ̀-èdè yìí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lòdì sí dídẹ́yẹ sí ẹni tó ní ìpèníjà ara, àti pé ilé ìwé wà lára ibi tó mẹ́nu bà. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá dé, kí gbogbo kíláàsì jọ jáde, kí ọmọ náà lé orin láàárín wọn pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Tó bá ní òun kò fẹ́ lé e mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó gbè é. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó sọ fún àwùjọ pé ọmọ yìí máa ń kólòlò, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.